Ogójì Ìṣẹ́jú Ìyá Kàlẹ́ńdà

Ọdún mọ́kàndínlógún ni obìnrin yìí fi dáná fún àwọn ọmọ ilé-ìwé. Òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ pé ìkòkò òun ti bọ́ àwọn tó lé ní ẹgbẹ̀rún dàgbà, kò sì tíì sí ọ̀kan nínú wọn tó padà wá dúpẹ́.

Ìyá Kàlẹ́ńdà ni àwọn ọmọ ń pè é. Ó kan páálí kan mọ́ ògiri ilé ìdáná, ó fi yíǹkì pupa fa ìlà sí i: ọjọ́ márùn-ún, oúnjẹ márùn-ún, àti iye ìṣẹ́jú tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ lò lórí iná. Bí ẹ bá bi í pé ọjọ́ wo la wà, ìkòkò ni yóò kọ́kọ́ ṣí wò.

Wàhálà dé nígbà tí ilé-ìwé bẹ̀rẹ̀ sí í ra oúnjẹ tààrà lọ́wọ́ àgbẹ̀ kan tí oko rẹ̀ wà lẹ́yìn odò. Ọkùnrin náà kì í fín oògùn sí ohun ọ̀gbìn, kì í sì í lo ajílẹ̀ inú àpò. Kòlóògùn ni gbogbo ayé ń pè é. Ohun tó bá wà lásìkò nìkan ló ń kó wá, lóṣù yẹn, kárọ́ọ̀tì ló wà lásìkò. Lójoojúmọ́, kárọ́ọ̀tì.

"Ṣé o ò gbin nǹkan mìíràn ni?"

"Ilẹ̀ ló ń sọ ohun tó kàn, Ìyá."

"Ilẹ̀ ò mọ̀wé kà. Wo ara ògiri níbẹ̀ yẹn. Ọjọ́rú, kábéèjì!"

"Kábéèjì ò tíì tó ìkúùkù ọmọdé. Ẹ fún un ní oṣù kan."

"Ṣé kí n sọ fún Ọjọ́rú pé kó padà wá lóṣù tó ń bọ̀?"

Kárọ́ọ̀tì tí ilé-iṣẹ́ tó ń ta oúnjẹ fún ilé-ìwé tẹ́lẹ̀ ń kó wá máa ń dì nínú yìnyín bí òkúta. Ogójì ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ sára àpò rẹ̀, ogójì náà sì ni Ìyá Kàlẹ́ńdà kọ sórí páálí. Kò sẹ́ni tó sọ fún un pé èyí tí wọ́n hú láàárọ̀ kò nílò tó bẹ́ẹ̀. Ohun tó ń sè rọ̀ débi pé àwọn ọmọ ń fi síbí kọ orúkọ sí i lára, wọ́n á sì dà á sínú garawa àjẹkù.

Ọ̀gá ilé-ìwé, obìnrin tí kì í gba nǹkan gbọ́ àfi tó bá wọ̀n ọ́n, gbé garawa náà sórí ìwọ̀n lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Kílò mẹ́tàlélógún.

"Ìyá, tó bá ju kílò márùn-ún lọ lọ́jọ́ Ẹtì, mo máa ti ilé ìdáná yìí pa. Ilé-iṣẹ́ kan ti ṣetán láti máa gbé oúnjẹ inú ike wá."

"Èmi ńkọ́, mà?"

"Ẹ̀yin lẹ ó máa ṣí ike."

Ọdún mọ́kàndínlógún, kó wá di aṣíke! Ìyá Kàlẹ́ńdà bú kárọ́ọ̀tì, ó bú Kòlóògùn, ó bú odò tó wà níwájú oko rẹ̀. Ẹ̀rù bà á, ló bá fi ìṣẹ́jú márùn-ún kún ogójì, kó lè jinná dáadáa. Lọ́jọ́bọ̀, garawa wọ̀n tó kílò mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n.

Lọ́jọ́ Ẹtì, tíṣà kan rán ọmọ mẹ́rìnlá tí wọ́n pariwo ní kíláàsì wá sí ilé ìdáná, pé kí wọ́n fọ yẹ̀pẹ̀ ara kárọ́ọ̀tì kúrò, kó jẹ́ ìyà wọn. Ìyá Kàlẹ́ńdà fún wọn ní ọpọ́n méjì, ó lọ to àpò ìrẹsì. Nígbà tó máa fi padà, gbogbo wọn ń rún nǹkan wọ̀mùwọ̀mù bí ehoro.

"Kí lẹ fi sẹ́nu?"

"Kò sí nǹkan, mà."

"Kò-sí-nǹkan ọ̀hún ní ewé lórí!"

Ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí aláriwo gbé tirẹ̀ mì. "Ẹ má bínú, mà. Ó dùn ni. Kí ló dé tí tiyín kì í rí báyìí?"

Ìyá Kàlẹ́ńdà la ẹnu láti sán ààrá. Àmọ́ ó mú ẹyọ kan nínú ọpọ́n, ó bù ú jẹ. Ó tún bù ú jẹ. Ojú tì í díẹ̀, ebi sì ń pa á.

Ó gbójú sókè. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù kí aago oúnjẹ lù, ogójì ló sì wà lórí páálí. Ó kọ ẹ̀yìn sí páálí. Ó gé kárọ́ọ̀tì wẹ́wẹ́, ó dà á sínú omi tó ń hó, ó sì ń tọ́ ọ wò títí tó fi dùn mọ́ ọn lẹ́nu. Kò tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó fi gbé e kalẹ̀.

Nígbà tí àwọn ọmọ jẹun tán, Ọ̀gá dé pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Kílò kan àbọ̀.

"Ṣé ẹ ti kọ́kọ́ da díẹ̀ nù ni?"

"Ìwọ̀n garawa fúnra rẹ̀ nìyẹn, mà. Òun náà ní ara."

Ọ̀gá yọjú wo inú rẹ̀. Ewé kárọ́ọ̀tì méjì ló wà níbẹ̀, àti kòkòrò kan tó ń rìn lọ ní tirẹ̀. Ó gbé ìwọ̀n rẹ̀ sábẹ́ apá, kò sì dárúkọ ike mọ́.

Lọ́jọ́ Ajé, Kòlóògùn bá páálí tuntun lára ògiri. Ìlà rẹ̀ gún régé. Ọjọ́ Ajé: ohun tó bá dé. Ìṣẹ́gun: ohun tó bá dé. Bẹ́ẹ̀ ló lọ títí dé Ẹtì. Níbi tí ìṣẹ́jú wà tẹ́lẹ̀, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀marùn-ún pé: tọ́ ọ wò.

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín.

"Kí lò ń rín? Ó wà létòlétò. Sọ ẹrù ẹ kalẹ̀, o ti fi ìṣẹ́jú méjì pẹ́."