Omi Ló Rù

Mo rántí ìgbà tí ẹ̀rọ omi kọ́kọ́ dé àdúgbò wa lẹ́bàá òkè Mápó. Kí omi tó jáde, irin náà húkọ́ bí àgbàlagbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí, ó tu omi pupa díẹ̀ sílẹ̀, lẹ́yìn náà ni omi mímọ́ wá ń dà. Àwọn àgbà ṣọpẹ́, àwa ọ̀dọ́ pàtẹ́wọ́. Òmìnira kò tíì dé nígbà náà, àdúgbò tó sì ní ẹ̀rọ omi tirẹ̀ kò pọ̀ láàárín Bẹẹrẹ àti Ọjà'ba. Ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò wa ló bẹ̀bẹ̀ fún un, èmi sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́.

Mọ́gàjí agboolé wa ni alága. Igbákejì rẹ̀ ni téló kan tí ẹnu rẹ̀ mú ju àlùmọ́gàjí rẹ̀ lọ. Èmi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní ilé-ìwé àwọn olùkọ́ ni, mo sì gbà pé kò sí ìṣòro tí gẹ̀ẹ́sì gidi kò lè yanjú. Ìwé ẹ̀bẹ̀ tí mo kọ sí àwọn aláṣẹ omi le tó bẹ́ẹ̀ tí Mọ́gàjí fi bi mí, nígbà tí mo kà á tán, bóyá kò sí èpè nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbà fún wa, wọ́n ní kí a fi ibi tí ẹ̀rọ yóò wà hàn. Kò gba àkókò. Iwájú ilé Mọ́gàjí ni, lábẹ́ igi odán tí àwọn àgbà ti máa ń jókòó láti òwúrọ̀ di alẹ́. Téló ní ọlá àdúgbò kì í gbé ẹ̀yìnkùlé. Gbogbo wa gbà. Kò sí obìnrin kankan ní ìpàdé náà, kò sì sí ẹni tó rántí pé àwọn ló ń pọnmi.

Ìyanu tó tẹ̀lé e ni pé omi dé, kò sí ẹni tó pọn ọ́n. Àwọn ọmọ kéékèèké ń fi ṣeré, àwọn àgbà ń fi ṣàlùwàlá, ó parí. Àwọn ìyàwó ilé ṣì ń gba ẹ̀yìnkùlé sọ̀ kalẹ̀ lọ sí kànga àfonífojì, níbi tí ilẹ̀ ti ń yọ̀ lójò, tí omi sì ń di ẹrẹ̀ lọ́yẹ́. Ìyàwó mi wà lára wọn. Kò tíì pẹ́ tí mo gbé e níyàwó. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni láti Òkè-Àdó, èmi sì jẹ́ ọmọ agboolé Mùsùlùmí tó kàwé ní ilé-ìwé àwọn míṣọ́ọ̀nù. Nílé wa, ẹ̀sìn kò da ọbẹ̀ rú. Ó máa ń ti ibi kànga gòkè bọ̀ pẹ̀lú ìkòkò lórí, yóò dé inú ilé, yóò sì gbé e kalẹ̀.

Ẹgbẹ́ jókòó lé ọ̀rọ̀ náà. Téló ní òfófó ẹ̀bá kànga làwọn obìnrin kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ẹlòmíràn ní oògùn tí wọ́n ń dà sínú omi ẹ̀rọ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Èmi ní àìmọ̀kan ni. Mo pe àwọn ìyàwó ilé jọ, mo kọ́ wọn nípa àwọn kòkòrò tí ojú kò rí nínú omi kànga, mo tilẹ̀ yàwòrán kòkòrò kan sára pátákó. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n kí mi kú iṣẹ́, wọ́n sì gbé ìkòkò wọn lọ sí kànga.

Nígbà tó yá, ọkùnrin kan wá láti ilé-iṣẹ́ omi. Ó wo ilẹ̀ gbígbẹ ìdí ẹ̀rọ, ó mi orí.

"Ẹ̀yin bàbá, irin yìí kàn dúró lásán ni. Àwọn kan ti ń bẹ̀ wá ní Bẹ́yẹrúńkà. Tí mo bá padà dé, tó bá ṣì rí báyìí, a ó tú u lọ fún wọn."

"Bẹ́yẹrúńkà kẹ̀?" Téló fò dìde. "Àwọn tó ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́?"

Ọkùnrin náà bá tirẹ̀ lọ. Mọ́gàjí ní òun kò fẹ́ kí wọ́n sin òun sí àdúgbò tí wọ́n ti gba omi lọ́wọ́ rẹ̀. Mi ò tíì rí i kí ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì bẹ́ẹ̀ rí.

Mo wọlé lọ bá ìyàwó mi. Ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Kí ló dé tí ẹ̀yin obìnrin kò fẹ́ omi yìí?"

"Ta ló sọ pé a ò fẹ́ ẹ?"

"Kí ló wá fà á?"

Kò gbé ojú sókè. "Tíṣà, ẹ gbé garawa yẹn. Ẹ lọ pọnmi wá."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin kọ́ ni akọ̀wé ni? Ẹ lọ fojú ara yín rí i."

Ìgbéraga ló mú mi gbé garawa náà. Mo pọn ọ́n kún, mo gbé e karí. Mi ò tíì ṣísẹ̀ tí Mọ́gàjí fi ní, "Akọ̀wé!" Nílé wa, bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá pe ọmọkùnrin, ìdọ̀bálẹ̀ ni ìdáhùn. Mo sọ garawa kalẹ̀, mo dọ̀bálẹ̀. Mọ́gàjí bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí, láti orí bàbá mi títí dé orí baba ńlá mi tó lọ sógun. Ẹni tí wọ́n ń kì kì í dìde kí ó tó parí. Nígbà tó parí, ó bi mí bóyá ìyàwó mi ń ṣàìsàn ni. Mo ní rárá. Téló bá mi gbé omi karí, n kò tíì dé ẹnu ọ̀nà tí àgbà mìíràn fi ti mọ́sáláṣí dé.

"Akọ̀wé, ṣé o ò rí èèyàn mọ́ ni?"

Mo tún sọ ọ́ kalẹ̀. Omi ti dà sí ṣòkòtò funfun mi. Àwọn ìyàwó ilé ti yọjú lẹ́nu ọ̀nà gbogbo, àgbà inú wọn sì pariwo, "Akọ̀wé, ẹ rọra o! Kòkòrò inú omi ń já bọ́!"

Mọ́gàjí rẹ́rìn-ín títí fìlà fi bọ́ lórí rẹ̀. Lójijì ló dákẹ́, ó ń wo garawa tó ti fà sí ìdajì. Ó yíjú sí obìnrin náà.

"Ìyálé, ṣé báyìí ló ṣe ń rí fún yín?"

Obìnrin náà kúnlẹ̀. "Bàbá, tàwọn ọkùnrin tilẹ̀ rọrùn. Gbogbo ọmọ tí a bá nílé yìí, títí dórí èyí tó ń rákò, ọkọ wa ni. Ká tó kí ọkọ kan tán, òmíràn ti dé. Iwájú ilé yín dára, ṣùgbọ́n orúnkún ò gbà á pẹ̀lú ìkòkò lórí."

Téló dá sí i. "Kí wọ́n kàn máa tẹrí ba díẹ̀."

"Pẹ̀lú ìkòkò?" Mọ́gàjí nàka sí garawa mi. "Téló, gbé e rù, kí o tẹrí ba kí n wò ọ́."

Téló jókòó. Mọ́gàjí mú fìlà rẹ̀ nílẹ̀, ó gbọn eruku rẹ̀ nù, ó sì dé e padà.

"Láti òní lọ, ẹni tó bá ru omi kò gbọdọ̀ kí mi. Kò gbọdọ̀ kí ẹnikẹ́ni níbí. Ọ̀wọ̀ tí kì í jẹ́ kí omi délé, òùngbẹ ni. Bí àlejò bá bínú, kí ẹ sọ fún un pé omi ló rù."

Nígbà tí òṣìṣẹ́ omi padà dé, ó bá àwọn obìnrin tó tò láti ìdí ẹ̀rọ dé ṣọ́ọ̀bù téló, tí méjì ń jà nítorí ipò. Ó bi wá pé kí la ṣe. Téló ní, "Àwọn ìyàwó wa ló ya aláfojúdi."

Lónìí, ẹ̀rọ náà ti gbó, kò sí mọ́. Ìdí rẹ̀ tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì ṣe nìkan ló kù. Ẹgbẹ́ ṣì ń ṣèpàdé, ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni wọ́n ń sọ báyìí, àwọn obìnrin sì wà níbẹ̀ tí wọ́n ń sọ tiwọn. Mọ́gàjí àti téló ti lọ tipẹ́.

Lọ́dún tó kọjá, ìyàwó mi tẹ̀lé wọn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, a jókòó síwájú ilé, èmi àti àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó wá láti Òkè-Àdó. Ọmọbìnrin kan láti agboolé wa ru garawa omi kọjá lọ bá àwọn tó ń dáná. Ọrùn rẹ̀ gún, kò wo ẹnikẹ́ni, kò kí ẹnikẹ́ni.

"Ọmọ ta nìyẹn?" àbúrò ìyàwó mi bèèrè. "Ṣé kò rí àgbà ni?"

"Omi ló rù," mo ní.

Kò yé e. Mo ti ń yanu láti sọ fún un pé kó wọlé lọ bi ẹ̀gbọ́n rẹ̀, kí n tó rántí.