Ọ̀bẹ Obì àti Omi Ìwẹ̀ Ọmọ Tuntun

Ìwọ tó ń kàwé yìí, ṣé o lè dúró jẹ́ẹ́, kí o kàn máa wo omi tó ń dà? Má tíì dáhùn. Èmi ò lè ṣe é, iṣẹ́ tí wọ́n sì gbé fún mi nìyẹn.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní lycée, ilé ẹ̀kọ́ girama, nígbà náà. Ìdánwò bac kọ̀ mí, mo ní èmi náà kọ̀ ọ́. Bọ̀dá mi tó jẹ́ plombier, tó ń tún ẹ̀rọ omi ṣe, bá mú mi dání. A máa ń lọ yẹ mitigeur wò ní ilé ìgbẹ̀bí kan l'Adjamé. Irin tó ń po omi gbígbóná mọ́ tútù ni, kí omi má bàa bó ọmọ lára. Wàá ki thermomètre bọ omi, wàá dúró títí nọ́ńbà ò fi ní gòkè mọ́. Lẹ́yìn náà, wàá ti tútù pa. Bí irin náà bá ṣì dáa, gbígbóná á dá dúró fúnra rẹ̀.

Lọ́jọ́ yẹn, bọ̀dá wà nísàlẹ̀. Èmi wà nílé ìwẹ̀ àwọn ọmọ, ẹsẹ̀ mi ń jó bí ẹni tí èèrà wọ ṣòkòtò rẹ̀. Ìyá àgbà kan tó ń ta obì l'Anyama jókòó tì mí, ó gbé ọmọ-ọmọ rẹ̀ tuntun lẹ́sẹ̀, ó ń dúró kí n kúrò kó lè wẹ̀ ẹ́.

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ìtọ̀ ń gbọ̀n ẹ́ ni?"

"Rárá, ìyá. Bí mo ṣe rí nìyẹn."

"Omi tútù ni wọ́n fi wẹ̀ ẹ́ ní kékeré. Ọmọ tí wọ́n bá fi omi gbígbóná wẹ̀ máa ń fara balẹ̀."

Mo rẹ́rìn-ín. Trente-huit, méjìdínlógójì, ó dáa, mo ti fẹ́ yọ thermomètre. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà náà ò dúró, àfi bí èmi. Quarante, ogójì. Quarante-trois. Quarante-sept, mẹ́tàdínláàádọ́ta. Ẹsẹ̀ mi ò jó mọ́. Mo ti tútù pa, gbígbóná ṣì ń dà lọ. Ìgbà yẹn ni mo rí i pé ìdérí irin náà ti ṣí, nǹkan ti ha ojú skúrúù rẹ̀.

"Ìyá, ta ló tú èyí?"

"Èmi ni." Kò tiẹ̀ ṣẹ́jú. "Ọ̀bẹ tí mo fi ń la obì ni mo fi yí i. Omi yín kàn lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí itọ́. Omi gbígbóná ni mo fi wẹ gbogbo ọmọ mi."

"Ọwọ́ yín ló ti yi, ìyá. Ẹ fi inú apá kàn án."

Ó fi kàn án, ó sáré fà á padà. Ó wo ọmọ náà títí.

"Tètè ṣe é," ó ní.

Mo tú irin náà. Ẹfun tí omi ń fi sílẹ̀ ti dì mọ́ inú rẹ̀, ìyẹn ni kò jẹ́ kó dá gbígbóná dúró. Èmi tí kì í fọ abọ́ tí mo fi jẹun, mo rẹ ẹ́ sínú vinaigre, omi kíkan, mo fọ̀ ọ́, mo dá a padà, mo yí skúrúù sáyè rẹ̀. Trente-sept, mẹ́tàdínlógójì, ó sì dúró. Mo ti tútù pa. Gbígbóná kán, tó, tó, ó dákẹ́. Mo ṣí tútù padà, mo dé ìdérí pa.

"Ọ̀bẹ yín ńkọ́, ìyá?"

"Ó wà nínú àpò. Láti òní, obì nìkan ló máa là."

Ó tú aṣọ ọmọ náà, ó ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ omi. Ọmọ náà la ẹnu. Mo fẹ́ dúró wò ó bóyá ó máa ké, ni bọ̀dá bá pariwo láti orí àtẹ̀gùn:

"Oníjó, gbé àpò, on y va, ká máa lọ. Ọkọ̀ gbaka ò ní dúró dè ẹ́."