Bẹ́lúbẹ́lú Alàájì

Nígbà tí mo wà ní yunifásítì, sísì kan péré máa ń ra súùtì mẹ́ńtólì tó kún àpò ṣòkòtò, a ó sì tún gba ṣéńjì. Lánàá, mo yà sí kẹ́mísì kan ní Olówógbowó, mo béèrè iye tí wọ́n ń ta páálí rẹ̀ kékeré kan. Ọmọbìnrin tó ń tajà sọ ọ́. Mo ní kó tún un sọ, ó tún un sọ. Iye tó pè yẹn, bàbá mi ìbá fi fẹ́ ìyàwó kejì láyé ijọ́un, á sì ṣẹ́kù fún aṣọ. Mo ní ó dàbọ̀. Mo gbé ọ̀fun mi tó ń rìn mí wìnnìwìnnì lọ sílé, mo bu iyọ̀ sínú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, mo fi yọ ọ̀fun. Dókítà kan ló kọ́ wa ní ìyẹn, nígbà tí a fẹ́ fi ìmọ̀ràn pa Alàájì.

Ọ̀rẹ́ mi ni Alàájì láti kékeré. Jankara ló ti ta aṣọ títí orúnkún rẹ̀ fi sọ pé ó tó gẹ́ẹ́. Tó bá ń kí ènìyàn ní Ìsàlẹ̀ Èkó, àwọn ará Ìdúmọ̀tà á máa dáhùn. Àwa mẹ́ta la máa ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú ilé Alàájì lẹ́yìn ìrun alásárì: Alàájì, èmi, àti Télọ̀, ọ̀rẹ́ wa tó ti fẹ̀yìn tì nídìí ẹ̀rọ ìránṣọ ṣùgbọ́n tí kò tíì fẹ̀yìn tì nídìí ọ̀rọ̀ ọlọ́rọ̀.

Lọ́dún méjì sẹ́yìn, ní àkókò ọyẹ́, Alàájì jáde sí wa ní ọjọ́ Mọ́ńdè, ó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀.

Télọ̀ ní, "Ta ló fún ọ níṣu tí o ò pè wá?"

"Ọ̀fun ń dùn mí."

"Alhamdulilahi. Àdúgbò á sinmi."

Alàájì ò rẹ́rìn-ín. Sọ́ńdè tó ń bọ̀ ni wọ́n fẹ́ so yìgì ọmọbìnrin rẹ̀ tó kéré jù. Òun bàbá ló gbọ́dọ̀ jókòó níwájú lèmọ́mù, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ pé òun fi ọmọ òun fọ́kọ. Tí kò bá rí i sọ, àbúrò rẹ̀ ló kàn. Àwọn méjèèjì ò sì tíì mu omi nínú ife kan náà láti ìgbà tí wọ́n ti pín yàrá bàbá wọn.

Mo ní, "Lọ sí ọsibítù, jàre."

"Kí wọ́n dá mi dúró? Kí n sùn sórí bẹ́ẹ̀dì wọn, kí ọ̀gbẹ́ni yẹn lọ jókòó sórí ẹní mi? Wọn ò bí i dáadáa!"

Bẹ́ẹ̀ la ṣe bẹ̀rẹ̀ sí tọ́jú rẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ní ìlú wa níbí, kò sẹ́ni tó ń lo òògùn tán. Tí ara bá ti fúyẹ́, a ó tọ́jú ìyókù fún ẹbí, bí ẹni tọ́jú ogún. Nítorí náà, a dá òògùn bí ẹni ń dá owó àjọ. Télọ̀ mú kápúsù pupa tó ṣẹ́kù nígbà tí egbò jẹ ẹ́ lẹ́sẹ̀ wá. Èmi mú èyí tí wọ́n fún mi nítorí eyín, mo sì ka Gẹ̀ẹ́sì ara rẹ̀ sókè ketekete, kó lè ṣiṣẹ́ dáadáa.

Alàájì fẹ́ fi omi gbé kápúsù mì, Télọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

"Ṣé ikùn ló ń dùn ọ́ ni? Ibi tó ń dùn ọ́ ni ká dà á sí."

Ó ṣí kápúsù, ó da ẹ̀tù inú rẹ̀ sí ọ̀fun Alàájì. Alàájì wúkọ́, ó tu ú jáde. Gbogbo rẹ̀ bà lé fìlà Télọ̀, fìlà náà sì ni ó jèrè òògùn ọjọ́ yẹn.

Nígbà tó fi máa di Wẹ́sìdeè, Alàájì ò lè gbé itọ́ mì mọ́. Áńkáṣíìfù ló fi ń nù ún. A tan iná fóònù sí i lẹ́nu. Mo rí bẹ́lúbẹ́lú, ẹran kékeré tó so rọ̀ lẹ́yìn ẹnu yẹn, ó fì sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ọ̀mùtí tó fara ti ògiri.

Télọ̀ pariwo pé, "Òun nìyẹn! Bẹ́lúbẹ́lú ló gùn jù. Gígé ni!"

Kò purọ́ pé wọ́n ń gé e. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, bí wọ́n ṣe ń dábẹ́ fún ọmọ ni wọ́n ń gé bẹ́lúbẹ́lú nínú agboolé. Ká tó wí, ó ti lọ pe olóòlà, bàbá ará Ọ̀yọ́ kan tí mo rò pé ó ti kú. Bàbá náà tú abẹ rẹ̀ jáde nínú aṣọ.

"Ẹ yanu, Alàájì."

Alàájì yanu. Ìka kan ló lè wọbẹ̀.

"Ẹ yà á dáadáa."

"Ibi tó mọ nìyẹn."

Olóòlà gbìyànjú títí, abẹ ò ráyè. Ó dì í padà. "Ẹ jẹ́ kó là ná, kí ẹ wá pè mí."

Ìyàwó Alàájì ti ń wò wá lẹ́nu ọ̀nà. "Ẹ̀yin àgbà, ṣé ẹ ti ṣeré tán? Ẹni tí kò lè gbé itọ́ mì lẹ fẹ́ kó gbé abẹ mì?" Ó ti ọkọ rẹ̀ sínú kẹ̀kẹ́ Márúwá. Èmi àti Télọ̀ há mọ́ ọn.

Dókítà tó rí wa kò ju ọmọ-ọmọ wa lọ. Ó kúnlẹ̀ kí wa, lẹ́yìn náà ni kò fojú àgbà wò wá mọ́.

"Ẹ ń wúkọ́, sà? Ọ̀fìnkìn ńkọ́?"

Kò sí. Ara rẹ̀ gbóná. Dókítà tẹ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, Alàájì ké. Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i lẹ́nu, ó tẹ́tí sí bó ṣe ń mí.

"Òògùn wo ni ẹ ti lò?"

Mo to orúkọ wọn sílẹ̀ ní Gẹ̀ẹ́sì. Ó wò mí. "Ṣé dókítà ni yín, bàbá?"

"Rárá o. Lítíréṣọ̀ ni mo kà."

Télọ̀ ní, "Ó gboyè nínú ẹ̀."

Dókítà ṣàlàyé fún wa. Ọ̀fun tó bá ń dun àgbàlagbà pẹ̀lú ọ̀fìnkìn àti ikọ́, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ló ń lọ fúnra rẹ̀; omi oníyọ̀ àti òògùn ara ríro ti tó, kápúsù ò lè ṣe é ní nǹkan kan. Ti Alàájì kì í ṣe irú ìyẹn. Ọyún ló kóra jọ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀fun, òun ló ń ti bẹ́lúbẹ́lú dànù, òun náà ló ti eyín pa.

"Bẹ́lúbẹ́lú ò ṣẹ ẹnì kankan," ó ní.

Alàájì béèrè pé, "Sọ́ńdè ńkọ́?"

"Tí a bá fa ọyún yẹn báyìí, tí ẹ sì gba abẹ́rẹ́ yín pé, ẹ lè débẹ̀. Tí ẹ bá lọ sílé, ó lè dí ọ̀nà èémí yín. Lèmọ́mù á wá o, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún yìgì."

Alàájì na apá fún nọ́ọ̀sì.

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ gígùn fa ọyún náà. Òórùn rẹ̀ mú kí Télọ̀ rántí pé òun ò tíì kírun. Nígbà tí wọ́n ṣe tán, Alàájì tutọ́, ó gbé itọ́ mì, omi jáde lójú rẹ̀. Ó ní, "Ẹ sọ fún àbúrò mi pé mi ò tíì kú."

Wọ́n dá a dúró lóòótọ́, wọ́n sì fi í sílẹ̀ ní Sátidé. Ní Sọ́ńdè, ó jókòó sórí ẹní pẹ̀lú búláásítà lẹ́yìn ọwọ́. Lèmọ́mù bi í, ó dáhùn, ẹnikẹ́ni ò gbọ́. Lèmọ́mù ní kó tún un sọ. Ó tún un sọ, àwọn ará ẹ̀yìn ń kùn. Àbúrò rẹ̀, tó wà lẹ́yìn rẹ̀ gan-an, na ọrùn síwájú, ó sì fi irú ohùn tí bàbá wọn bí mọ́ àwọn méjèèjì pariwo pé, "Ó ní òun ti fi ọmọ òun fún un!"

Mo rò pé ìjà dé. Alàájì yíjú sí i díẹ̀díẹ̀.

"O ṣé. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kọ́kọ́ sọ ọ́."

"Ta ló gbọ́?"

Àwọn méjèèjì bú sẹ́rìn-ín níwájú lèmọ́mù, bí ọmọ ilé kéú tí àfáà fẹ́ nà.

Télọ̀ kú lọ́dún tó kọjá, lójú oorun, láìgba ìmọ̀ràn lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Olóòlà náà ti lọ, lóòótọ́ lọ́tẹ̀ yìí. Ìyàwó Alàájì wà, ó ṣì ń bú wa. Àbúrò Alàájì wà, ààyè Télọ̀ ló ń jókòó sí báyìí, ìmọ̀ràn rẹ̀ sì burú ju ti Télọ̀ lọ. Alàájì wà. Èmi náà wà, ó kéré tán, títí di àárọ̀ yìí.