Ọjọ́ Tí Múfú Ka Ìbò Dé Orí Ẹ̀rin

Ọdún kẹrin tí ìjọba alágbádá padà dé ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀, ní Galadimawa tó wà ní olú ìlú wa, nígbà tí ọ̀nà tó wọ ẹ́sítéètì wa ṣì jẹ́ kìkì erùpẹ̀ pupa. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń pè mí sí ìpàdé pé kí n wá sọ bí a ṣe ń jà fún ìbò, mo mọ̀ pé ìtàn ẹ̀jẹ̀ àti tajútajú lẹ ń retí. Ẹ má bínú. Ìjà tó dùn mọ́ mi jù láyé mi, ijó la fi jà á, àṣìṣe ló sì bí ijó ọ̀hún.

Ẹgbẹ́ olórin ni wá, àwa mẹ́ta péré. Èmi Dúpẹ́, ọmọ Èkìtì, tí mo ń tẹ̀wé ní ilé iṣẹ́ ìjọba kan, ni mo ń ta gìtá tí mo sì ń kọrin. Múfú ọmọ Ìlọrin, tó ń bá bàbá rẹ̀ ta aṣọ kọ́tìnì, ló ń lu ìlù. Tanko, ọmọ Gbagyi láti Kwali, tó ń gun ọ̀kadà, ló ń ta gìtá olóhùn ìsàlẹ̀. Orin pọ́ńkì là ń kọ. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, orin rọ́ọ̀kì tó ń sáré ni: ó le, ó kúrú, kì í pé ìṣẹ́jú méjì, kì í sì í fi ọ̀rọ̀ sábẹ́ ahọ́n sọ. Kò sí ilé iṣẹ́ agbórinjáde kankan tó mọ̀ wá, a kò sì bẹ̀ wọ́n. Rédíò Tanko la fi ń da kásẹ́ẹ̀tì wa kọ, ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, a ó sì fi ọwọ́ kọ orúkọ wa sí i lára: Aláriwo.

Alhaja Sídí ló sọ wá lórúkọ yẹn. Ará Ògbómọ̀ṣọ́ ni, tó ń ta ìkòkò àti abọ́ ní ọjà Wuse, fèrèsé rẹ̀ ló sì kọjú sí gbọ̀ngàn ẹ́sítéètì tí a ti ń dánrawò. Bó bá ti ọjà dé ní ìrọ̀lẹ́, orí rẹ̀ á yọ lójú fèrèsé: "Ẹ̀yin aláriwo wọ̀nyí, kí ni mo fi ṣe yín gan-an?" A ó kí i pé ẹ káàbọ̀ mà, a ó sì máa bá tiwa lọ.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí a ṣe ń bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí wà. Múfú á kígbe: "Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin!" Bó bá ti fẹnu ba ẹ̀rin, àwa mẹ́tẹ̀ẹ̀ta á bẹ́ sínú orin lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ọdún mẹ́rin gbáko, orin kan ṣoṣo la fi ń ṣíde. Èmi á bèèrè pé, "Ta ló ni ibí?" Ìdáhùn ni, "Àwa la ni ín!" Ẹni tó bá dáhùn gbọ́dọ̀ lóṣòó, kó fi ọwọ́ méjèèjì gbálẹ̀, kó sì fò sókè. Àwọn ọmọdé a máa ṣe é bí wọ́n bá ń ti ilé ìwé bọ̀. Mo ti rí obìnrin tó ń sá aṣọ tó lóṣòó tó fò, tó sì wò yíká bóyá ẹnikẹ́ni rí òun.

Àfi bí Alága ẹgbẹ́ onílé àti ayálégbé wa ṣe fi àgádágodo ti gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ kan. Àna rẹ̀ kan ló fẹ́ fún, kó máa kó sìmẹ́ńtì sí i. Kò bi ẹnì kankan. Àwọn ọmọ kéwú tó ń lo ibẹ̀ ní Sátidé bọ́ sínú oòrùn, ìjọ tó ń lò ó ní Sọ́ńdè bọ́ sábẹ́ igi, àwa náà kò níbi tí a ó gbé ìlù wa sí. Ìbò ẹgbẹ́ sún mọ́ tòsí, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó láyà láti bá Alága du ipò. Ìrètí ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pin lọ́wọ́ mi nígbà tí Alhaja Sídí kan ilẹ̀kùn mi.

"Dúpẹ́, mo fẹ́ du ipò alága."

"Alhaja, ẹ̀yin kẹ̀? Mo rò pé inú yín dùn pé wọ́n ti gbọ̀ngàn."

"Ọjọ́ mẹ́ta àkọ́kọ́, mo gbádùn ara mi. Ọjọ́ kẹrin, mo rí àwọn ọmọ kéékèèké nínú oòrùn pẹ̀lú wàláà lọ́wọ́. Ẹ bá mi polongo. Àmọ́ bí mo bá wọlé, ẹ ó kọ orin jẹ́jẹ́ kan fún mi, èyí tí kò ní ìlù."

"A ti gbọ́ mà."

"Ẹ búra."

A búra, Múfú pàápàá.

Ìlà la máa ń tò sẹ́yìn ẹni tí a bá fẹ́, níwájú gbọ̀ngàn, ní àárọ̀ Sátidé. Ọjọ́ tó ṣáájú ìbò ni ìwé orúkọ àwọn ará ẹ́sítéètì ṣàdédé sọnù lọ́wọ́ akọ̀wé. Bí a ṣe ń tò lọ́wọ́ ni bọ́ọ̀sì méjì dé. Bí ogójì èèyàn sọ̀ kalẹ̀, wọ́n tò sẹ́yìn Alága, wọ́n dúró gbọn-in. Mo bi akọ̀wé pé àwọn wo nìyí.

"Ayálégbé tuntun ni wọ́n."

"Gbogbo wọn? Nínú bọ́ọ̀sì?"

Ó yíjú sí ọ̀dọ̀ Alága. Mo wo ìlà Alága, ó ti gùn ju tiwa lọ. Bí wọ́n bá kà á báyìí, ó ti tán nìyẹn.

Bàbá Tíṣà, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ni tọ̀tún-tòsì gbà pé kó kà. Àwa la mú jẹnẹrétọ̀ àti sípíkà wá, torí náà ohun èlò wa wà lójú agbo. Bàbá ní, "Múfú, kí wọ́n má baà ní mo fo ẹnì kan, bí mo bá ti fọwọ́ kan èèyàn, kà á sókè kí o sì lu ìlù."

Ó fọwọ́ kan Alhaja. Múfú pariwo: "Ení!" Ìlù dún. "Èjì!" Ìlù dún. "Ẹ̀ta!" "Ẹ̀rin!"

Ẹ gbà mí o! Mi ò tíì ronú kan tí ọwọ́ mi ti ń ta gìtá. Tanko ti wọlé. Múfú ti ń lù bí ẹni tí wọ́n ń lé. Ẹnu mi là, mo gbọ́ ohùn ara mi nínú sípíkà: "Ta ló ni ibí?"

"Àwa la ni ín!"

Gbogbo ẹ́sítéètì lóṣòó. Wọ́n gbálẹ̀, wọ́n fò! Ìlà tiwa tú ká, ìlà Alága tú ká. Ìyàwó Alága fò títí gèlè rẹ̀ fi bọ́. Bàbá Tíṣà fò díẹ̀. Ayọ̀ gbé mi débi pé mi ò rántí ìbò mọ́, àfi ìgbà tí Tanko ké sí Múfú: "Kai! Ìbò là ń kà!"

A dákẹ́ lójijì. Ojú tì mí, mo rò pé àwa fúnra wa la ba ìbò jẹ́. Àmọ́ nígbà tí eruku rọlẹ̀, a rí àwọn èèyàn inú bọ́ọ̀sì. Wọ́n ṣì tò gbọọrọ lójú kan náà, wọ́n ń wò wá.

Alhaja rọra rìn lọ bá wọn. "Ọdún mẹ́rin ni mo ti ń bá ariwo yìí jà. Mo ti ilẹ̀kùn, mo fi òwú dí etí, ó sì ń wọlé tọ̀ mí wá. Ẹ̀yin, ilé wo lẹ ń gbé nínú ẹ́sítéètì yìí tí kò dé?"

Ọ̀kan nínú wọn wolẹ̀. "Wọ́n ní ká ṣáà má kúrò lójú kan ni, mà."

Ẹ̀rín bẹ́ sílẹ̀, títí kan àwọn tó wà lẹ́yìn Alága. Bọ́ọ̀sì kó wọn padà. A tún ìlà tò, Múfú sì gbé igi ìlù rẹ̀ fún Bàbá Tíṣà kó má baà tún ṣèṣì. Alhaja wọlé. Ọmọkùnrin Alága fúnra rẹ̀ ló yọ àgádágodo kúrò kí ọ̀sán tó pọ́n.

Kí la jèrè? Gbọ̀ngàn wa, àti ọdún mẹ́fà orin nínú rẹ̀. Kí la pàdánù? Alága kò kí mi mọ́ títí ó fi kó lọ. Ohun kan sì wà tó ń dùn mí: Ọ̀gbẹ́ni Ìdòwú, ayálégbé tuntun lóòótọ́, tó kó dé ní ọjọ́ mẹ́ta ṣáájú. Kò mọ orin, ó dúró, a sì lé e kúrò lórí ìlà pẹ̀lú àwọn èké, bó tilẹ̀ ń na kọ́kọ́rọ́ ilé rẹ̀ sí wa. A kó ìbò olóòótọ́ kan dànù lọ́jọ́ náà. Mo tọrọ àforíjì, ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀yin tí ẹ ń ṣètò ìbò, ẹ má ṣe bíi tiwa.

Ní 2009, Tanko padà sóko ní Kwali, Múfú lọ sí Ìlọrin, ẹgbẹ́ wa sì tú ká wọ́ọ́rọ́wọ́. Orin jẹ́jẹ́ tí a búra lé lórí, a kò kọ ọ́. Gbogbo ìgbà tí Alhaja bá rí mi ló ń bèèrè: "Orin mi dà?"

Ó ti padà sí Ògbómọ̀ṣọ́ báyìí, ẹsẹ̀ kò sì fi bẹ́ẹ̀ gbé e mọ́. Lọ́dún tó kọjá, mo kọ orin ọ̀hún tán, mo gbé gìtá mi lọ bá a. Mo jókòó síwájú rẹ̀, mo kọ ọ́ jẹ́jẹ́, láìsí ìlù. Ó dijú, ó gbọ́ ọ dé ìdajì, ó sì la ojú.

"Dúpẹ́, ta ló ní ara mi ò yá, tí o fi ń bá mi sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́?"

Ó mú ọ̀pá ìtìlẹ̀ rẹ̀, ó fi gbá ilẹ̀: "Ení, èjì, ẹ̀ta..."