Fèrèsé Onígun Mẹ́rin

Òórùn sadíìnì ló gba gbogbo fúláàtì wa ní Hulme, ní Manchester, láàárọ̀ Sátidé yẹn. Mọ́mì ń fi búrẹ́dì jẹ tiwọn, àfi bí Dádì ṣe mú ọmọrí agolo náà, tí wọ́n ń tẹ̀ ẹ́ síwá tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. Wọ́n ní kí n máa wò ó dáadáa. Àfi gbàù, ó já sí méjì lọ́wọ́ wọn.

"Ṣé o rí i, Bùnmi? Ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Ó máa ń rẹ irin bó ṣe ń rẹ èèyàn."

Ẹ̀kọ́ nípa bàálù ni Dádì wá kà ní yunifásítì. Tí wọ́n bá ti bẹ̀rẹ̀ àlàyé, wọn kì í rántí pé ọmọ ọdún mẹ́jọ ló jókòó síwájú wọn. Wọ́n ní afẹ́fẹ́ ojú ọ̀run kò tó èèyàn í mí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fún afẹ́fẹ́ kún inú bàálù títí ara ẹ̀ á fi wú díẹ̀. Tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á tún rọ̀. Àwọn kan nínú èyí táwọn òyìnbó kọ́kọ́ ṣe bẹ́ẹ̀, fèrèsé onígun mẹ́rin ló ní. Wíwú àti rírọ̀ yẹn pọ̀ jù, igun ihò fèrèsé ara wọn sán, wọ́n sì bẹ́ lókè tèrò tèrò. Ìgbà táwọn òyìnbó ri ọ̀kan sínú omi, tí wọ́n ń fún omi kún inú ẹ̀ léraléra, ni wọ́n tó rí ibi tó ti ń ya. Dádì ní àtìgbà náà ni wọ́n ti ń gé igun fèrèsé bàálù ní róbótó. Inú wọn ń dùn bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́. Èmi ò gbọ́ ju pé ó bẹ́ lọ.

Bẹ́ẹ̀, Dádì ti parí ẹ̀kọ́ wọn, oṣù tó ń bọ̀ la ó wọ bàálù lọ sílé. Ẹ̀rù bà mí débi pé oúnjẹ ò wọ̀ mí lẹ́nu mọ́. Mo bi Mọ́mì pé, "Tí bàálù wa bá bẹ́ ńkọ́?"

Háà! Ọwọ́ ni wọ́n fi bò mí lẹ́nu. "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! A kì í múra ìrìnàjò ká máa fẹnu pe ibi!"

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ̀ ọ́n: tí wọ́n bá ti ní kéèyàn má fẹnu pe nǹkan, kò sẹ́ni téèyàn tún lè bi. Mo gbé e mì. Tí bàálù bá kọjá lórí ilé, ẹ̀yìn àga ni mò ń sá sí.

Lọ́jọ́ tá a wọ bàálù, mo fi ìka tọ etí fèrèsé yí ká. Róbótó ni igun ẹ̀ lóòótọ́, ọkàn mi ò sì balẹ̀ síbẹ̀. Bàálù gbéra, etí mi dí, mo ṣáà mọ̀ pé ó ti ń wú nìyẹn. Mọ́mì dijú, wọ́n ń gbàdúrà. Mo na ọwọ́ sí Dádì, torí àwọn ló mọ gbogbo ẹ̀. Ọwọ́ wọn tutù, ó rin gbindin fún òógùn. Fèrèsé ni wọ́n tẹjú mọ́. Ẹ̀rù tó bà mí nígbà yẹn, mi ò rírú ẹ̀ rí láyé mi.

A gúnlẹ̀ láyọ̀. Mo ti dàgbà ju Dádì ìgbà yẹn lọ báyìí, mo sì máa ń sọ fáwọn èèyàn pé bàálù ò dẹ́rù bà mí mọ́. Nígbà Kérésì tó kọjá, bí bàálù wa ṣe ń gbéra ní Manchester, ọmọ mi obìnrin na ọwọ́ sí mi. Mo kọ́kọ́ nu tèmi mọ́ aṣọ ná, kí n tó dì í mú.