Wọ́n Ní Orí Sàdíátù Dàrú, Bẹ́ẹ̀ Ẹ̀jẹ̀ Rẹ̀ Ló Ń Dì

Sàdíátù kú lórí bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n so ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mọ́. Bándéèjì ni wọ́n fi so ó, bándéèjì tí wọ́n ti sọ fún wa tẹ́lẹ̀ pé kò sí nílẹ̀. Nígbà tí ẹ̀mí bọ́, kò sẹ́ni tó tú u. Fawziyah, àbúrò rẹ̀, ló fi eyín já a, nítorí nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu iṣẹ́ ní òun ò mọ ibi tí wọ́n fi sísọ́ọ̀sì sí.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé e kúrò, wọ́n tẹ́ ẹ sórí símẹ́ǹtì lásán nítòsí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, torí pé aláìsàn mìíràn ń dúró de bẹ́ẹ̀dì. Wọn ò fi nǹkankan bò ó. Èmi ni mo bọ́ ìborùn mi tí mo dà á bò ó. Obìnrin tó ń nulẹ̀ dé, ó ní, "Màmá, ẹ bá mi sún un díẹ̀, mo fẹ́ nu ibẹ̀." Sún un! Bí ẹni ń sún àga.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí wọ́n ní ká sún.

Tíṣà ni. Èdè Yorùbá ló ń kọ́ àwọn ọmọ ní ilé ẹ̀kọ́ girama kan níbí ní Ẹdẹ. Ilé wa kọjú síra ní Òkè Gáda, "Àǹtí mi" ló sì ń pè mí láti ọjọ́ tí Akóredé oníkẹ̀kẹ́ ti gbé e níyàwó wá sí àdúgbò. Ẹnu rẹ̀ dùn, ẹnu rẹ̀ sì mú. Bí ọlọ́kadà bá ṣi ọ̀rọ̀ sọ, á dúró lójú títì, á tún un ṣe fún un, ọkùnrin náà á máa rẹ́rìn-ín lọ. Bí òjò bá ń rọ̀ tí páànù kíláàsì ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́hùn, á fi ojú àti ọwọ́ ṣe eré ohun tó ń kọ́ wọn, kò sí ọmọ tí yóò sùn. Roqeebah, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ̀rọ̀ sọ ni. Ìyá rẹ̀ ló ń kọ́ ọ.

Ara rẹ̀ ló kọ́kọ́ kìlọ̀. Àmì pupa wẹ́wẹ́ sú sí i lẹ́sẹ̀ bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún káàkiri. Àyíká apá rẹ̀ dúdú bí ibi tí wọ́n ti lù ú, bẹ́ẹ̀ ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn án. Eyín ń ṣẹ̀jẹ̀, ojú ń pọ́n bí ẹni ibà dì mú. Ó ní iṣẹ́ ló pọ̀ jù. Ó lọ sí kíláàsì. Ó kọjú sí pátákó, ó na ṣọ́ọ̀kì sókè, ó ní, "Ẹ wo ewúrẹ́ yìí." Àwọn ọmọ rẹ́rìn-ín. Wọ́n rò pé eré rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ìgbà tí kò rí ọ̀rọ̀ mìíràn sọ, tó dúró tó ń sunkún níwájú wọn, ni ẹ̀rín pa.

Akóredé fi kẹ̀kẹ́ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Amòfin ìwé ìròyìn yìí ní kí n má dárúkọ wọn. Mo gbà. Wọ́n mọ ara wọn.

Dókítà dúró lókè orí rẹ̀, ó ní, "Kí ló máa ń fà? Ṣé igbó ni àbí kolorádò?"

Akóredé ní, "Kò fa nǹkankan, sà. Tíṣà ni."

"Àwọn tíṣà náà ń fà á."

Mo ká aṣọ kúrò lẹ́sẹ̀ Sàdíátù. Mo ní, "Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo àmì yìí. Ẹ wo apá rẹ̀."

Ó wò ó tán, ó yíjú sí Akóredé. "Ìwọ lò ń lù ú?"

Ọkọ tó gbé ìyàwó rẹ̀ wá fún ìwòsàn wá di ẹni tí wọ́n ń fi ojú ọ̀daràn wò. Nọ́ọ̀sì kan bẹ̀rẹ̀ sí í pòṣé sí i. Àmì tí ó yẹ kí wọ́n fi mọ àìsàn, ẹ̀sùn ni wọ́n fi ṣe. Ṣé ọgbọ́n ni wọ́n ń kọ́ yín nílé ìwé ìṣègùn ni, àbí ẹ̀gàn?

Wọ́n fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ fún àyẹ̀wò. Wọ́n ní kò síná. Ẹ̀jẹ̀ náà jókòó sójú fèrèsé, oòrùn ń pa á, àwa náà jókòó, à ń wò ó.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, ẹnu rẹ̀ là pátápátá. Ó mú mi lọ́wọ́. "Àǹtí mi, gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ ni mò ń gbọ́ o. Orí mi ò dàrú. Ọ̀rọ̀ yẹn wà nínú mi, mi ò kàn rí ọ̀nà tí yóò gbà jáde ni. Roqeebah ńkọ́? Ṣé ó jẹun?" Mo sáré lọ pe nọ́ọ̀sì. Kí nọ́ọ̀sì náà tó rọra yan dé bí ẹni ń lọ síbi ìgbéyàwó, ọ̀rọ̀ ti tún lọ. Nọ́ọ̀sì ní, "Ẹ ò rí nǹkan! Ó máa ń lọ, ó máa ń bọ̀. Báyìí ni wèrè ṣe máa ń ṣe. Àbí ó ń díbọ́n ni?"

Ó wá yọ fóònù. Ó na bírò sí i lójú. "Àǹtí tíṣà, kí lèyí?"

Sàdíátù wo bírò náà pẹ́. Omi lé ròrò lójú rẹ̀. "Ilẹ̀kùn," ló ní. Ó mọ̀ pé kì í ṣe ohun tí òun fẹ́ sọ. Ó mi orí, ó tún gbìyànjú. "Ilẹ̀kùn." Òun àti àwọn nọ́ọ̀sì ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. Fídíò náà ti dé orí fóònù àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ kí ó tó kú. Nígbà tí Sàdíátù fẹ́ gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n ní ó ti ń jà, wọ́n so ó.

Fawziyah ló bẹ ẹnì kan kí ó tún ẹ̀jẹ̀ náà fà. Ó gbé ẹ̀jẹ̀ náà lọ sí Òṣogbo, ọ̀dọ̀ dókítà kan tó ń tọ́jú àìsàn ẹ̀jẹ̀, Dókítà Bùkúnmi. Obìnrin náà fi ẹ̀rọ awò wò ó, ó sì pè wá lórí fóònù lójú ẹsẹ̀. Ó ní ẹ̀jẹ̀ Sàdíátù ń dì wẹ́wẹ́ nínú àwọn iṣan tó tín-ín-rín jù lọ, àgàgà nínú ọpọlọ. Ibi tó bá dí, ebi á pa ọpọlọ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ á lọ. Bí ó bá là díẹ̀, ọ̀rọ̀ á padà. Ohun tó yẹ kó máa dá ẹ̀jẹ̀ dúró ti lọ tán sínú dídì náà, òun ló fa àmì ara rẹ̀. Ó ní, "Kì í ṣe wèrè rárá. Ẹ gbé e wá báyìí-báyìí. A ti ń wá omi inú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn tí a máa fà sí i lára. Bí gìrì bá mú un kí ẹ tó dé, ọ̀rọ̀ á le."

Báyìí-báyìí kẹ̀? Ambúláǹsì ti lọ kó àga àti kánópì lọ síbi ayẹyẹ. Wọ́n ń fún ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn náà ní àmì ẹ̀yẹ lọ́jọ́ náà, torí pé ó ń tọ́jú ẹ̀mí èèyàn. Akóredé ní kò burú, kẹ̀kẹ́ òun wà níta. Nọ́ọ̀sì ní òun ò lè tú aláìsàn sílẹ̀ láìjẹ́ pé dókítà fọwọ́ sí i. Dókítà ńkọ́? Ó wà níbi ayẹyẹ, ó ń pàtẹ́wọ́. A pè é, a pè é, títí Fawziyah fi ti Òṣogbo padà dé bá wa. Ó gbé e lẹ́ẹ̀kan, ó ní ariwo pọ̀, òun ò gbọ́.

Gìrì mú Sàdíátù nínú ìdè. Ó gbọ̀n, bẹ́ẹ̀dì irin ń gbọ̀n pẹ̀lú rẹ̀. Ó dákẹ́. Níta, Akóredé ò tíì pa ẹ́ńjìnnì kẹ̀kẹ́.

Mi ò sọ pé bí wọ́n bá tètè gbé e dé Òṣogbo kò ní kú. Dókítà Bùkúnmi fúnra rẹ̀ ní àìsàn náà le, àwọn kan ń kú mọ́ ìtọ́jú gan-an lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ta ló rán yín pé kí ẹ so ó? Ta ló rán yín pé kí ẹ fi í ṣẹ̀fẹ̀? Obìnrin tó fi ọ̀rọ̀ jẹun, ẹ wá jẹ́ kí ohun tó gbọ́ kẹ́yìn láyé jẹ́ ẹ̀rín. Ẹ sì kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé orí rẹ̀ ló dàrú.

Ohun tí a ń bèèrè kò ṣòro. Ẹ sọ ohun tó pa á, ní gbangba, ní orúkọ rẹ̀. Ẹ mú ẹni tó ya fídíò náà àti ẹni tó so ó wá síwájú ìgbìmọ̀ tí kì í ṣe tiyín. Kí ìjọba ìpínlẹ̀ wá wo ibi tí ẹ ń tọ́jú ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sí. Kí dókítà tí kò gbọ́ fóònù wá sọ fún wa ohun tó gbọ́.

Àwọn ará ilé ìwòsàn náà kúkú wá, lẹ́yìn tí a ti ṣàdúà òkú tán. Wọ́n kó àwọn àgbààgbà sẹ́yìn, wọ́n jókòó síwájú Ìyá Àwáwù, ìyá tó bí Sàdíátù, tí wọ́n ti oko Ara wá. Ọ̀gá àgbà ní, "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi í fún Ọlọ́run."

Ìyá ò sunkún. Wọ́n ní, "Ọlọ́run ni mo ti fi í fún. Ọmọ mi ti wà lọ́dọ̀ Ẹni tó dá a. Ẹ̀yin lẹ ṣì wà lọ́dọ̀ wa níbí."

Ọ̀gá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí í dìde.

Ìyá ní, "Ẹ padà jókòó. Ẹ ò tíì sọ ohun tí ẹ ṣe."