Wọ́n Ti Tà Á

Èéfín agbada ń ta mí lójú lábẹ́ àtíbàbà tí Màámi ti ń yan gàrí ní Lálúpọn láàárọ̀ yìí, nígbà tí rédíò sọ pé agbábọ́ọ̀lù ọmọ Bùràsíìlì tó ń wọ nọ́ńbà tẹ́ǹ ti padà sílé. Ẹgbẹ́ tó ti bẹ̀rẹ̀ ló fẹ́ ti fẹ̀yìn tì.

Abẹ́ àtíbàbà yìí náà la wà lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo ṣì kéré. Bọ̀ọ̀dá mi, tí wọ́n fẹ́ràn bọ́ọ̀lù bí ẹ̀mí, gbé rédíò létí. Lójijì ni wọ́n fò sókè: "Wọ́n ti ta ọmọ Bùràsíìlì yẹn sí Yúróòpù!"

Igbá ọwọ́ Màámi dúró nínú agbada. "Wọ́n tà á? Ọmọ ọlọ́mọ? Kí ló ṣe?"

Bọ̀ọ̀dá mi rẹ́rìn-ín títí. "Màámi, bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ nínú bọ́ọ̀lù nìyẹn. Lọ́jọ́ tẹ́ ẹ bá gbọ́ pé wọ́n ta èmi náà, ẹ jó!"

Màámi ò rẹ́rìn-ín. Èmi ń wo ẹsẹ̀ Bọ̀ọ̀dá mi tí eruku pápá bò. Mo ní, "Bí wọ́n bá tà yín, ṣé wọ́n máa dá yín padà?"

"Bí mo bá darúgbó." Bọ̀ọ̀dá mi bu gàrí gbígbóná sí mi lọ́wọ́.

Ọkùnrin tó wá mú Bọ̀ọ̀dá mi lọ sókè òkun lẹ́yìn náà kì í ṣe ti ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù kankan; títí dòní, wọn ò tíì padà.

Láàárọ̀ yìí, igbá Màámi tún dúró nínú agbada, títí gàrí fi ń jóná. Wọ́n wá bi mí pé, "Ṣó bá ìyá ẹ̀ láyé?"